Àáró Tí N Kò Lè San

Yàrá mẹ́jọ ló wà nínú ilé tí mo gbé ní Ìlaròó nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì là wọ́n láàárín. Mo mọ ìró ẹsẹ̀ gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń wọ́ bàtà nílẹ̀, mo mọ ẹni tó ń fi gìgísẹ̀ gún ilẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Bí ẹsẹ̀ kan bá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi ní ìrọ̀lẹ́, màá jókòó jẹ́ẹ́ sórí ibùsùn, n kò ní mira, títí ẹsẹ̀ náà á fi kọjá. Àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn yẹn fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni, ohun tí mo sì ń sá fún gan-an nìyẹn.

Nǹkan kan ń ṣe mí nígbà náà tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ nínú ìdánwò ìṣirò ní ọdún àkọ́kọ́. Wọ́n pín ìwé ìbéèrè, mo ka ìbéèrè kìíní, mo tún un kà, mo tún un kà, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó wọlé nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi tutù, àyà mi ń lù kì-kì-kì, etí mi ń hó bí omi tó fẹ́ sè. Mo dìde, mo fi ìwé òfìfo lé olùṣọ́ ìdánwò lọ́wọ́, mo sì jáde. Ẹnìkan nínú kíláàsì wa rò pé mo ti parí iṣẹ́ kí ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ó kan sáárá sí mi lọ́jọ́ kejì pé ọpọlọ mi pé, n kò sì sọ òótọ́ fún un. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n ní kí n tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún kejì, àti pé bí mo bá tún pàdánù rẹ̀, kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́, kí n máa lọ sílé.

Ọdún kejì yẹn ni ìjọba ti ibodè. Lọ́dọ̀ àwọn ará Èkó, ìrẹsì ni wọ́n ń pariwo. Lọ́dọ̀ tiwa, a tilẹ̀ gbàgbé ìrẹsì. Wọ́n ní kí ilé epo tó bá sún mọ́ ibodè má ṣe ta epo mọ́, ọkọ̀ tó ń ti Ayétòrò lọ sí Àfọ̀n ní ìgbà mẹ́rin lójúmọ́ wá di ẹ̀ẹ̀kan, nígbà míì kò tilẹ̀ lọ rárá. Àwọn sójà wà lójú ọ̀nà, wọ́n ń tú àpò gàrí wò bí ẹni pé ìbọn lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Màmá mi ti lọ sí Èkó láti bá ẹ̀gbọ́n mi tọ́jú ọmọ tuntun, bàbá mi nìkan ló kù lóko wa lẹ́yìn Àfọ̀n, níbi tí èèyàn ti lè dúró láàárín gbágùúdá kó máa gbọ́ ìró ọlọ ìyá àgbà kan ní ilẹ̀ Benin. Ọjọ́ Sunday ni bàbá máa ń pè mí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń fi ẹ̀ńjìnnì bá wọn ṣaájì fóònù lábúlé kò rí epo rà mọ́, bí ìpè Sunday ṣe dáwọ́ dúró nìyẹn. Mo ṣì máa ń gbé fóònù sórí orókùn lọ́jọ́ náà, kí n má baà jẹ̀bi.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta nínú ilé wa, tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà, máa ń tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti kàwé pọ̀. Ọmọbìnrin kan tó ga, tó ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ díẹ̀ kó tó wá síléèwé, ni olórí wọn. Ó jù mí lọ ní ọdún mẹ́rin, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Òun ló wá fà mí lọ́wọ́ jáde lọ́jọ́ kan pé àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Mo jókòó tì wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé ìṣirò náà fún mi, ó fi ẹ̀pà ṣe àpẹẹrẹ, ó pín in sí òkìtì òkìtì lórí ẹní, ó sì yé mi. Lọ́jọ́ kejì ẹlòmíràn nínú wọn ṣàlàyé, ó tún yé mi. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sókè, ìró ẹ̀rín náà sì ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ní, "Ọ̀la, ìwọ ló kàn láti kọ́ wa." Mo ní kò burú. Mo wọ yàrá mi lọ, n kò sì jáde síbi ẹní yẹn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á, nítorí kì í ṣe ìtìjú nìkan. Inú ilé aláàáró ni wọ́n bí mi sí. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ló ń ṣe àáró pọ̀: bàbá mi, ẹnìkan lábúlé wa tó ti kú báyìí, àti àwọn méjì ní òdìkejì ibodè, lápá Kétu. Bí gbogbo wọn bá bá bàbá mi roko lónìí, ọ̀la gbogbo wọn á wà lóko ẹlòmíràn, títí tó fi máa yí ká. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbàgbé. Mo rí bàbá mi tí ó jáde lọ san àáró pẹ̀lú ibà lára, tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, tí màmá ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ fún àwa ọmọ rẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá lè san àáró, kó má gbà á. Ó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Ìlaròó. Àwọn ará ibí ti bá mi ro oko tèmi lọ́jọ́ méjì. Oko tiwọn ló kàn, n kò sì ní ọkọ́. Bí mo bá kàn rò ó pé màá dúró sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn mẹ́ta péré, ọwọ́ mi á tutù.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n kàn án, ó sú wọn. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni kò tètè sú. Nígbà míì á fi búrẹ́dì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, màá dúró kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ kí n tó mú un, màá wá jẹ ẹ́ bí olè.

Mo gbìyànjú tèmi, kí n má purọ́. Mo ń ka ìwé sókè fún ògiri. Mo ń fọ aṣọ tó mọ́. Ẹnìkan sọ nínú rédíò pé kí èèyàn máa mí sínú títí dé ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, mo ń mí bẹ́ẹ̀, ó sì ń ràn mí lọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà èmi àti yàrá á tún ku àwa méjì. Nígbà tó le, mo lọ bá obìnrin agbaninímọ̀ràn ní iléèwé. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé kì í ṣe èmi nìkan ló ń ṣe, àìbalẹ̀ ọkàn ni, ó ń mú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ó fún mi ní bébà kan pé kí n kọ orúkọ ẹni mẹ́ta tí mo lè ké sí bí ó bá dé. Mo kọ "Bàbá", mo rántí pé fóònù rẹ̀ ti kú, mo pa á rẹ́. Mo kọ "Màmá", mo rò ó pé ọmọ jòjòló ń ké ní etí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, mo pa òun náà rẹ́. Mo dá bébà padà lófìfo, ìyẹn ìwé òfìfo ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mo fi lé èèyàn lọ́wọ́ ní iléèwé yẹn. Obìnrin náà wo bébà, ó wò mí, ó ní kí n mú un lọ, ó ṣeé ṣe kí n rí nǹkan kọ sí i. Mo ká a sínú ìwé, mo sì bínú sí i gan-an, bí ẹni pé òun ló kó àwọn èèyàn mi lọ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìdánwò ni mo di ẹrù díẹ̀. Mo fẹ́ lọ sọ fún bàbá mi pé mo ti fi iléèwé sílẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, mo tò ó láti Ìlaròó dé Ayétòrò. Ní Ayétòrò mo dúró de ọkọ̀ títí oòrùn fi kúrò ní àtàrí, kò sí ọkọ̀, mo gun ọ̀kadà. Ní ibi tí wọ́n ti dá wa dúró, sójà kan ní kí n tú àpò mi, ó rí ìwé, ó rí bùrọ́ọ̀ṣì eyín, ó bi mí pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wá nílé nígbà tí iléèwé ń lọ lọ́wọ́. Mo kó ìwé mi padà sínú àpò. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò lẹ́nu, sójà ni ó kọ́kọ́ dà á rú.

Bàbá kò sí nílé. Mo gba ọ̀nà oko. Láti ìdí igi àgbálùmọ̀ tó wà ní ààlà ni mo ti rí i pé èpò ti gba gbágùúdá, ó ti ga dé ìbàdí mi. Oko bàbá mi, tí àwọn èèyàn máa ń fi júwe fún ọmọ ọ̀lẹ. Mo ń wá a kiri nínú rẹ̀, n kò rí orí rẹ̀ lókè èpò rárá, ìró ọkọ́ ni mo tẹ̀ lé. Orókùn rẹ̀ ló fi kúnlẹ̀ nílẹ̀, ó ń roko, ó ń wọ́ ara rẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Orókùn òsì rẹ̀ ti wú, kò lè dúró bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ibi tó ti ro kò ju fífẹ̀ yàrá mi ní Ìlaròó lọ.

Ó kí mi káàbọ̀, ó bi mí nípa ọ̀nà, kò bi mí ní ohun tí mo wá ṣe. Èmi ni mo bi í pé àwọn aláàáró rẹ̀ ńkọ́. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ń gba inú igbó kọjá, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò lè máa sá fún sójà láàárín ẹ̀gún. Ó ní òun tilẹ̀ jẹ ọ̀rẹ́ òun kan ní òdìkejì ní àáró ọjọ́ méjì, kí ibodè tó tì ni ó ti wá ṣe tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí ló máa ń kí mi ní "sa va" láti kékeré, èmi náà á ní "sa va", ìyẹn ni gbogbo Faransé tí àwa méjèèjì gbọ́. Mo wá bi í pé tọkọtaya tí oko wọn kángun sí tiwa ńkọ́, ṣé wọn kò rí i ni. Bàbá mi dáwọ́ ọkọ́ dúró. Ó ní wọ́n ti wá lẹ́ẹ̀mẹta láti bá òun ro ó, òun kò gbà.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò gbà?"

"Kí ni n ó fi san án fún wọn? Orókùn yìí?"

Inú bí mi. N kò tíì bínú sí bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún un ló ń padà wá bá mi: búrẹ́dì ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn tí n kò ṣí, bébà òfìfo. Mo lọ sí àtíbàbà, mo mú ọkọ́ kan, mo padà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í roko. Ọwọ́ mi ti di ọwọ́ oníwèé, kò pẹ́ tó fi bó. Bàbá ní kí n fi sílẹ̀, pé òun kò pè mí síbi iṣẹ́, iṣẹ́ ìwé ni òun rán mi.

"Kì í ṣe àáró, Bàbá," mo ní. "Ọ̀wẹ̀ ni. A kì í san ọ̀wẹ̀."

"Ta ló bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí."

Ó tún gbé ọkọ́ rẹ̀. A roko títí ọwọ́ mi fi ṣẹ̀jẹ̀. Ọmọ tó jẹun nílé wa mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni àáró, ọ̀tọ̀ ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé, ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, ẹni tí àna rẹ̀ nílò ọwọ́, àwọn èèyàn á jáde fún un, wọ́n á jẹ oúnjẹ tó bá wà, wọ́n á sì máa lọ sílé wọn. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ó kàn jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ẹnìkan nawọ́ sí mi ní Ìlaròó, àáró ni mo pè é, mo sì ń sá fún ẹni tí kò bi mí ní gbèsè kankan. Irú àṣìṣe yìí, ọmọ aláàáró nìkan ló lè ṣe é.

Nígbà tí a jókòó sí àtíbàbà tí a ń mu omi, ni mo sọ fún un nípa àyà mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan pé mo wá láti sọ pé mo ti fi iléèwé sílẹ̀. Ó gbé omi rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé yóò gbàdúrà, tàbí yóò ní kí n ṣọkàn gírí.

"Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn," ó ní, "láàárọ̀, tí mo bá ti wo oko yìí. Àyà mi á máa lù. Nígbà míì mo máa ń padà lọ dùbúlẹ̀."

Mo wo ojú rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ka bàbá mi sí òkúta, ẹ wò ó, èèyàn ni. Omijé bọ́ lójú mi, ó sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Kí n tó padà sí Ìlaròó, mo lọ bá tọkọtaya aládùúgbò oko wa fúnra mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní bàbá mi bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Irọ́ ni, kò bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọkọ́ lórí èjìká, bàbá mi wò mí bíi kó lù mí, ó sì ní kí n lọ gbé iṣu kaná fún àwọn èèyàn tó wá bá a ṣiṣẹ́.

Ní Ìlaròó, mo kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n. Àyà mi ń já bí ìgbà tí mo wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Mo sọ fún un pé n kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni, n kò lè sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, n kò ní nǹkan kan tí màá fún wọn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ wá jókòó. Ó ti gbàgbé pé wọ́n sọ pé èmi ló kàn. Ó ní, "Ṣé torí ìyẹn lo ṣe sá fún wa? Wá jókòó jàre." Mo jókòó sí etí ẹní. Ìrọ̀lẹ́ míì, wọn kò rántí mi rárá níbẹ̀, wọ́n ń jà lórí ìdáhùn kan, mo sì dáwà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n èyí sàn ju yàrá lọ. Mo mú bébà agbaninímọ̀ràn jáde, mo kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n nìkan sí i. Àlàfo méjì yòókù wà bẹ́ẹ̀, n kò sì bínú sí wọn mọ́.

Kí n má tàn yín, ọwọ́ mi tutù lọ́jọ́ ìdánwò náà. Ìbéèrè kìíní kò wọlé. Ẹ̀gbọ́n ti sọ fún mi pé bó bá dé, kí n fi bírò sílẹ̀, kí n wo ẹ̀yìn orí òun, nítorí gbọ̀ngàn kan náà ni a ti fẹ́ ṣe ìdánwò wa, ìlà mẹ́ta níwájú mi ló sì máa jókòó sí. Mo wo ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ṣùkú ló dì, apá kan ti ń tú. Mo wò ó títí etí mi fi dẹ́kun híhó, mo sì mú bírò. Mo yege, ó ku díẹ̀ kó má tó. Lẹ́yìn iléèwé oníkálukú bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, n kò rí i mọ́ láti ìgbà náà, n kò sì dúpẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó sọ pé ibodè ti ṣí. Kó tó ṣí, ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ń kí mi ní "sa va" ti kú. Ẹnìkan ló gba inú igbó wá sọ fún wa, wọ́n sì ti sin ín. Ọjọ́ tí ọ̀nà là, bàbá mi pọ́n ọkọ́ rẹ̀, ó ní kí n sin òun dé òdìkejì. Ọ̀kadà gbé wa kọjá, ó na ẹsẹ̀ òsì síta ní gbogbo ọ̀nà. Opó ọ̀rẹ́ rẹ̀ sunkún nígbà tó rí wa. Nígbà tó gbọ́ ohun tí a wá ṣe, ó ní kí bàbá má ṣe dààmú ara rẹ̀, ẹni tí bàbá jẹ ní ọjọ́ méjì ti lọ, àáró ti bá a lọ. Bàbá mi ní òun gbọ́. Ó lọ sóko, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá ọ̀nà. Èmi ń ro ìlà kejì.  Ọjọ́ kejì, ó sọ fún mi bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń kọrin burúkú níbi iṣẹ́, tí kì í mọ ohùn orin dáadáa, tí wọ́n á ní kó dákẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo fọ ọkọ́ méjèèjì, mo di ẹrù wa.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kẹta, mo jáde síta, bàbá mi ti mú ọkọ́ tirẹ̀ lára ògiri, ó ń tiro lọ sọ́nà oko.

"Bàbá," mo ní, "ọjọ́ méjì ti pé."

"Mo mọ̀," ó ní, kò sì bojú wẹ̀yìn. Mo tú ẹrù tí mo ti dì, mo mú ọkọ́ tèmi, mo tẹ̀ lé e.